Ẹrù Èkó

“Ẹ má bínú, Àlájà, mi ò lè fọmọ mi fún ará àgọ́ ogun.” Ọ̀gá báńkì jókòó sétí àga, bí ẹni pé ọkọ̀ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. “Iṣẹ́ báńkì ló kàn mú mi yà sí Ẹ̀pẹ́ yìí. Èkó là ń padà sí.”

Àlájà tó wá tọrọ ìyàwó fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. “Òótọ́ lẹ sọ, àgọ́ ogun ni. Nígbà tí wọ́n lé ọba kúrò l'Ékòó, baba ńlá wa wà lára àwọn jagunjagun tó tẹ̀ lé e wá. Ó ní oṣù mẹ́ta péré lòun máa lò, kò tilẹ̀ tú ẹrù.”

“Ṣé ó padà?”

“Ẹrù rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Níbi tó ti ń retí àtipadà ni àgọ́ ti di ìlú ńlá tí ẹ wà yìí.”

“Ìyẹn tiyín o!” Ọ̀gá báńkì fi ìgbéraga nawọ́ sí àpótí ńlá tó wà láàárín wọn, tí okùn ṣì wà lára rẹ̀. “Èmi ò fi tèmi ṣeré. Mo ti di ẹrù sílẹ̀.”

Ọmọbìnrin tí wọ́n wá tọrọ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Àlájà, ó sì gbé omi ka orí àpótí náà, àpótí kan náà tó dì mú nígbà tó ń kọ́ ìrìn nínú ilé yìí, ní Ẹ̀pẹ́.