Ẹni Tí Wúràọlá Ń Gbé Oúnjẹ Fún

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mí nílùú kékeré wa. Wọ́n pa ẹ̀gbọ́n mi, mo wádìí títí, n kò rí ẹni mú. Ẹbí ní kí n ṣú opó rẹ̀, Wúràọlá. Ó di ọdún kan, kò fi oríkì pè mí rí.

Lálẹ́ àná, bí mo ti ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ní pálọ̀.

“Àlàó, ẹ rọra jẹun. Ẹran ṣì wà níkòkò.”

Oríkì ẹ̀gbọ́n mi ni. Owú gbé mi wọlé. Òun nìkan ló kúnlẹ̀ níwájú àga òfìfo.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Kò wojú mi. Àga kejì rọra sún kúrò lẹ́bàá tábìlì.

“Baálé ilé ní kí àlejò jókòó.”