Iṣẹ́ Ìkẹyìn Nínú Pálọ̀

Nígbà tí Babáfẹ́mi wọlé, kò dáhùn ìkíni àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ṣebí mo ní kí n tó dé, kí o ti kó pàǹtírí yìí kúrò ní pálọ̀."

Ohun tó ń pè ní pàǹtírí ni ẹ̀rọ kékeré kan tí Pamílẹ́rìn fi ń gbẹ́ lẹ́tà àti òdòdó sára pátákó. Kọ̀ǹpútà ló máa ń sọ ibi tí irin rẹ̀ yóò rìn fún un. Láti àárọ̀, bí wọ́n bá ti tan án, irin náà á gbéra díẹ̀, á sì dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kan péré ló kù. Tó bá ti gbẹ́ ẹ tán, mo máa tú u lójú yín."

"Ẹni tó fẹ́ ra ilé ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ṣé ìwọ àti ẹ̀gbin yìí ló máa bá níbí?"

Pamílẹ́rìn yọ wáyà rẹ̀, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Irin náà gbéra díẹ̀, ó tún dúró.

Ọ̀rọ̀ ilé náà ti ba àárín wọn jẹ́ látìgbà tí bàbá wọn ti kú. Ilé yìí, ní àdúgbò Ailegun, ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Babáfẹ́mi fẹ́ tà á, kí ó sì kó ìyá wọn lọ sí yàrá kan ní Jakande Estate, ní Ìsọlọ̀. Pamílẹ́rìn ní òun ò gbà. Màmá ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan, Babáfẹ́mi sì ka ìyẹn sí pé ó ti fọwọ́ sí i.

Màmá gbé omi tútù wá fún Babáfẹ́mi, ó sì wo ẹ̀rọ náà. "Àbí kò tíì ṣiṣẹ́ ni?"

"Kò tíì ṣiṣẹ́, Mà," ni Pamílẹ́rìn wí.

"Fẹ́mi, bá a wò ó. Ìwọ lo mọ irú nǹkan báyìí."

Òótọ́ ni. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwọn ńláńlá, ni Babáfẹ́mi ń bójú tó nílé iṣẹ́ rẹ̀. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bí iṣẹ́ náà bá tètè parí, àbúrò rẹ̀ yóò tètè palẹ̀ mọ́.

"Àwọn fáìlì yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ya àwọn yẹn. Ẹnì kan l'Óṣòdì ló bá mi ya eléyìí."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín àbí ṣọ́ọ̀bù?"

"Oníbàárà ò fẹ́ kí n sọ. Ó ṣáà ní kí n kàn án mọ́ ògiri níta lónìí."

"Irú ẹ náà ló ń gbé iṣẹ́ fún ẹ."

Babáfẹ́mi ṣí fáìlì náà. Kò sí àwòrán níbẹ̀, nọ́ńbà ló tò látòkè délẹ̀. Ó kà á díẹ̀, ó pòṣé.

"Ọ̀dẹ̀. Mílímítà ni gbogbo nọ́ńbà yìí, ẹni tó yà á wá pè é ní íǹṣì. Ẹ̀rọ rò pé o fẹ́ kí òun rìn dé títì, ló fi dúró."

Ó pa nọ́ńbà tó dúró fún íǹṣì rẹ́ lókè fáìlì, ó fi ti mílímítà rọ́pò rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Irin náà sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Eruku igi bo pátákó náà mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn ò lè rí ohun tó ń gbẹ́.

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n," ni Pamílẹ́rìn wí. Kò wojú rẹ̀.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣáà kó ẹrù ẹ."

Màmá fa àga, ó jókòó ti ẹ̀rọ náà títí ó fi dákẹ́. Pamílẹ́rìn mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Inú Babáfẹ́mi wá dùn díẹ̀.

Ọkùnrin kan kanlẹ̀kùn. "Ẹ kúulé o. Ṣé ilé Ìyá Babáfẹ́mi nìyí? Àwọn ará àdúgbò ló júwe ẹ̀ fún mi."

"Òun náà ni, sà," ni Babáfẹ́mi wí. "Ẹ wọlé, ilé tí mo sọ fún yín nìyí. Màmá mi sì nìyí."

Màmá fi etí ìró rẹ̀ nu eruku orí pátákó náà, ó gbé e fún àlejò, ọkùnrin náà sì kà á sókè: "ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. ÌYÁ BABÁFẸ́MI LÓ SỌ BẸ́Ẹ̀."