Ìlà Etí Owó

Fọ́tò owó fàdákà ayé àtijọ́ kan já sórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Ojú Àwòdì, ọ̀gá àwọn tó ń dá irú owó bẹ́ẹ̀ mọ̀, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ayédèrú! Ẹ wo ìlà etí ẹ̀. Wọ́n yọ́ ọ dà sínú mọ́ọ̀dù ni, ibi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé nìyẹn; òòlù ni wọ́n fi ń lu ti àtijọ́. Gbájú-ẹ̀ lẹni tó fún yín!"

Ẹ̀rín sọ nínú ẹgbẹ́.

Ni ìyàwó Ojú Àwòdì bá wọlé, ó ń rọra sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi pè. Owó fàdákà tó o fún wọn lọ́jọ́ tó o wá tọrọ mi, ẹgbẹ́ kan lórí fóònù ní ayédèrú ni. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó dùn ẹ́, pé ó dájú pé wọ́n lù ẹ́ ní jìbìtì ni."

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé e mì.

Ìlà yẹn, ó ti rí i kó tó fún wọn.