Bàtà Fálúyì

Lóru ọjọ́ ìdíje eré sísá láàárín ẹgbẹ́ méjì, orí òkè tóóró tí ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún lósì ni Fálúyì ti fi ọ̀pá ìje lé Àjàdí lọ́wọ́, Àjàdí sì ki eré mọ́lẹ̀. Kò tíì jìnnà tó fi gbọ́ òkúta tó ń yí gbirigbiri lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹni tó ń ké pé, "Àjàdí! Àjàdí o!"

Ó mọ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni mowó. Àmọ́ iná tọ́ọ̀ṣì ẹgbẹ́ kejì ń tàn níwájú, ó sì ku díẹ̀ kó bá wọn.

"Àgbà ní a kì í jẹ́ ìpè òru," ló ń wí lábẹ́ ètè bó ṣe ń sáré lọ, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun ń tan ara òun ni.

Ìpè náà dákẹ́. Ọkàn rẹ̀ kò dákẹ́.

Nígbà tó yá, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn: pàá, pàá. Bàtà Fálúyì tó ti ya nídìí nìkan ló ń dún báyẹn. Àjàdí bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan lábẹ́ òṣùpá.

"Fálúyì, jọ̀ọ́, ṣé ìwọ nìyẹn? Dá mi lóhùn!"

Bàtà náà dákẹ́. Ohùn Fálúyì wá rọra sọ sí i létí pé:

"Àjàdí, a kì í jẹ́ ìpè òru."