Ìbò Àárọ̀ Lórí Àìsàn Ẹsẹ̀

Fóònù dún ní agogo méje, gbogbo àdúgbò mú fóònù wọn láti dìbò lórí ohun tó ń fa àìsàn ẹsẹ̀. Ohun tí ìbò bá dá lẹ́bi ni wọ́n ń mú kúrò nílùú kó tó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti dí kànga, wọ́n ti wó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, síbẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń gbàgbé ìrìn.

"Nọ́ọ̀sì, búrẹ́dì la máa tẹ̀ lónìí," Bàbá Adéwọyin pe Morádékẹ́ láti fèrèsé ilé kejì. "Má lọ ṣe tìẹ lọ́tọ̀ o."

Èèyàn mọ́kàndínlógún tí àìsàn náà mú ni Morádékẹ́ ti tọ́jú. Mẹ́ta nínú wọn kì í fi búrẹ́dì kan ẹnu. Ó yí ojú fóònù lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, ó tẹ "A ò mọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Adéwọyin. Bàbá pa fèrèsé dé mọ́ ọn. Fóònù dún.

"Kí ló ń fa àìsàn náà? Ọ̀kan: ẹja dídì. Èjì: nọ́ọ̀sì tó ní òun ò mọ̀."

Ó sáré yí ojú fóònù lọ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ti yọ "A ò mọ̀" kúrò.