Rédíò Tó Dákẹ́ Lórí Bárékè

Àwòdì kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ jókòó tán ní ọ́fíìsì lọ́yà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. "Lọ́yà, wọ́n fẹ́ gba láísẹ́ǹsì mi! Èmi tí mo ti ń wa bàálù kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó mọ bàtà á wọ̀!"

Pákó ló ń tà. Bàálù kékeré tó fi èrè pákó rà ló sọ ọ́ di Àwòdì lẹ́nu àwọn èèyàn, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ẹ̀sùn tí àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú fi kàn án kò lọ́jú pọ̀: ó fò gba orí bárékè àwọn ológun kọjá, ilé ìṣọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú ń pè é lórí rédíò ní àpètúnpè, kò dáhùn. Àjọ ní ó jọ pé ṣe ló dákú sẹ́nu iṣẹ́. Kó lọ yẹ orí wò nílé ìwòsàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó má fò mọ́.

"Kí lẹ ti sọ fún wọn?" Lọ́yà bi í.

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ láìsí mi ńbẹ̀. Ó yá, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"Rédíò ló kú. Ẹ bi Ìyá Ìbejì yìí, inú bàálù la jọ wà, òun ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ẹ̀."

Ìyá Ìbejì ṣàlàyé ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Rédíò dákẹ́ lójijì. Ọkọ òun ń tẹ̀ ẹ́, ó ń yí i, títí bárékè fi kọjá lábẹ́ wọn. Àwòdì ń mi orí sí gbogbo rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ àjọ náà, Madam?"

"Màá sọ ọ́, sà."

"Ó máa sọ ọ́ ni jàre," Àwòdì wí. Ó di ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó mọ ohun tójú ẹ̀ máa rí bí kò bá sọ ọ́."

Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà gbójú sí fèrèsé títí ọkọ rẹ̀ fi tú u sílẹ̀, ó wá rọra fa apá aṣọ bo ọwọ́.

"Ẹ ò ṣe kúkú lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn, kí gbogbo wa sinmi?" Lọ́yà bi Àwòdì.

"Orí mi kọ́! Dókítà tó bá ti ń wá nǹkan, yóò rí nǹkan." Ohùn ọkùnrin náà já lójijì, omi lé ròrò sí i lójú. "Lọ́yà, bí mi ò bá lè fò mọ́, kí ni mo wá jẹ́ láyé? Ẹ kúkú sin mí."

Ìyá Ìbejì fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Ẹ ó fò, Bàbá Ìbejì," ó ní.

Níwájú ìgbìmọ̀, ẹnjiníà tó tú rédíò náà wò ní òun ò rí nǹkan kan tó ṣe é. Lọ́yà da ìbéèrè bò ó títí ó fi gbà pé wáyà lè tú lókè kó sì tún wọlé padà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Lọ́yà dìde.

"Ilé ìṣọ́ fúnra wọn ló sọ pé bàálù náà rìn tààrà. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, kò já wálẹ̀. Bàálù àtijọ́ ni, kò ní ẹ̀rọ tó ń wa ara rẹ̀. Ṣé ẹni tó dákú ló ń mú ọkọ̀ dúró bẹ́ẹ̀?"

Alága, ìyá àgbàlagbà kan, yíjú sí Ìyá Ìbejì, tó ti jẹ́rìí pé rédíò ló dákẹ́. "Ìwọ ńkọ́, ìyàwó? Ṣé o mọ̀ ọ́n wà?"

Àwòdì ti bú sẹ́rìn-ín kí ìyàwó rẹ̀ tó lanu. "Ta ni? Màmá, kẹ̀kẹ́ lásán ń gbé e ṣubú!"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì náà tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Rárá, mà. Mo kàn máa ń jókòó tì í ni."

Wọ́n dá a láre. Lọ́yà bá wọn dé pápá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ fò padà. Àwòdì ń yí bàálù rẹ̀ po, ó ń fọwọ́ kan ibí, ó ń fọwọ́ kan ọ̀hún, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Àwọn ìbejì ń ké pé àwọn fẹ́ bá bàbá àwọn lọ. Ìyá wọn di ọwọ́ wọn mú ṣinṣin. Ó ní wọ́n ní ìdánwò.

"Ìwọ náà ò lọ?" Àwòdì bi í.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ojo," ọkọ rẹ̀ ní, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Madam, ẹ kú àdúrótì," Lọ́yà wí. "Ọpẹ́lọpẹ́ yín. Láìsí ẹ̀yin, wọn ì bá ti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ọlọ́run ló ṣe é, sà."

Bàálù sáré, ó gbéra, ó doríkọ òkè. Ìyá Ìbejì ń juwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ bárékè, rédíò ò dákẹ́ rárá: gbogbo ìpè ilé ìṣọ́ ni Ìyá Ìbejì gbọ́ ketekete bó ti fọwọ́ méjèèjì mú bàálù náà dúró déédéé, tí ọkọ rẹ̀ lajú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìrí nǹkan kan, tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, nígbà tó sì ta jí tó bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, Ìyá Ìbejì wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ fún un pé rédíò ló bàjẹ́.