Ọ̀sẹ̀ Méjì Sí I

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí èémí wa wà lọ́wọ́ Rẹ̀.

Màmá Ṣóbọ̀wálé wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù, rọ́bà ọ́síjìn nímú.

"Ọmọ mi, ó tó gẹ́ẹ́," ló ń sọ fún Láídé, nọ́ọ̀sì. "Yọ nǹkan yìí, kí n lọ bá Olúwa mi."

Láídé bá àkọ́bí Màmá sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n Bánkọ́lé, ohùn Màmá ló yẹ ká gbọ́. Àwọn ló ni èémí."

"Rárá, Nọ́ọ̀sì. A ò tíì ṣetán."

Bánkọ́lé kúnlẹ̀. "Olúwa, ọ̀sẹ̀ méjì sí i péré."

Omi bọ́ lójú Láídé. Irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, fóònù Bánkọ́lé dún. Ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ lè yọ ọ́ báyìí. Péńtà ti kun ilé wa ní Ìkẹ́nnẹ́ tán. Ojú ò ní tì wá mọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú."

Màmá la ojú kan.

"Bánkọ́lé, ọ̀dà wo lẹ fi kùn ún?"

"Búlúù ni, mà."

"Láídé, má yọ ọ́ o. Kí wọ́n lọ tún un kùn."

Kí Olúwa má jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn wa máa bá wa ka ọjọ́. Àmín.